Bàtà Tí Mo Yàn fún Fọláhànmí

Ẹ̀yin òǹkàwé, àwọn tí ayé ṣẹ̀ ló sábà máa ń kọ̀wé sí ojú ewé yìí nínú ìwé ìròyìn. Ọkọ já wọn sílẹ̀, ọ̀rẹ́ dalẹ̀ wọn, ẹbí rẹ́ wọn jẹ. Èmi kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì bú mi, ẹ ò jẹ̀bi.

Rúùtù ni orúkọ mi. Lọ́dún 1987, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà, eré sísá ni mo fẹ́ràn jù láyé. Eré ọ̀nà jíjìn, ti orí títì.

Fọláhànmí ni ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀yọ́ ni òun ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, kóòṣì wa, ló mú wa mọra. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ kí a lè jọ ṣe ìdánrawò. Ilé wọn ni mo ti ń jẹun. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi, orí ẹní kan náà lèmi àti Fọláhànmí ń sùn.

Mo mọ eré sá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Fọláhànmí mọ̀ ọ́n sá jù mí lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kanfáàsì ló ń wọ̀ tó fi ń fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn. Kanfáàsì àtijọ́ kan tí ó ti lẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù tí òjò bá ti pa á.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, kóòṣì pè wá jókòó sábẹ́ igi kan létí pápá. Ó ní eré ìje kan ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, ti obìnrin nìkan, láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa níbi ìdíje àpapọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn sì ti ṣèlérí pé àwọn máa gbà á síṣẹ́. Á máa sáré fún wọn, á tún ní tábìlì tirẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú," kóòṣì wí. "Ẹ má bi mí ní ti ẹnì kejì. Ẹnì kejì á padà sílé."

Ó wo ẹsẹ̀ Fọláhànmí. Ó mi orí.

"Fọláhànmí, ọjọ́ tí a bá bọ́ irin yìí kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ, tó o wọ bàtà tó fúyẹ́, ta ló máa lé ẹ bá?"

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Bàtà eré tuntun kò ṣeé fọwọ́ kàn nígbà náà, torí náírà ti wálẹ̀. Bosikọ́nà, bàtà àlòkù, ló kù. Mo sì mọ ọkùnrin kan ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mashood lorúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé bàtà òkè òkun nìkan ló ń tà.

"Rúùtù, ìwọ ni tíṣà," kóòṣì wí fún mi. "Yàn fún ara ẹ, kó o yàn fún ọ̀rẹ́ ẹ. Ti obìnrin o! Má kó ti ọkùnrin wá fún mi. Kó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kó lè gba títì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹsẹ̀ wa ti wú tán látàrí eré, mo ya ewé méjì nínú ìwé iṣẹ́ mi. Fọláhànmí gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù yí i po. Èmi náà gbẹ́sẹ̀ lé ìkejì, ó yí tèmi po.

"Ẹsẹ̀ tèmi gùn ju tìẹ lọ," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Rúùtù, èyí tó o bá ti rí, mú un fún mi. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹ."

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, mo gba Ọjà Igbó lọ.

Bọ̀dá Mashood fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ta bàtà lásán, ó máa ń kọ́ ènìyàn. Ó gbé bàtà kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ nínú.

"Ẹ wò ó, Tíṣà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó sì dìde padà, ó yè nìyẹn. Tó bá le bí òkúta, tàbí tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó wọlé lọ láì dìde, ó ti kú."

"Bàtà máa ń kú ni?"

"Ó ń kú ju èèyàn lọ. Inú kọ́ńtéénà ló ti ń bọ̀, nínú ooru, fún oṣù mélòó kan. Gọ́ọ̀mù á gbẹ. Ojú bàtà á máa dán, inú ẹ̀ á ti jẹrà."

Ó ní gìgísẹ̀ bàtà obìnrin máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Bí obìnrin bá wọ ti ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ nínú rẹ̀. Ó ní kí n rí i pé àyè àtàǹpàkò kan kù níwájú ọmọ ìka, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lójú ọ̀nà jíjìn. Ó ká bàtà kan wò, ó ní iwájú ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín.

Nígbà tó yẹ gbogbo ẹrù rẹ̀ wò tán, bàtà obìnrin méjì péré ló fúyẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan búlúù, ọ̀kan funfun.

Ó gbé búlúù lé orí ìwé tí mo ya ẹsẹ̀ Fọláhànmí sí. Ó bá a mu géẹ́, àyè àtàǹpàkò sì kù níwájú. Ó tẹ inú rẹ̀, ó dìde padà.

"Ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí ló ni bàtà yìí," ó wí. "Ẹ ò lè rí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ títí dé Ìlọrin."

Funfun yẹn ló rẹwà jù. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó tilẹ̀ fúyẹ́ ju búlúù lọ.

"Ẹ gbé ìyẹn jù sílẹ̀," Bọ̀dá Mashood wí. "Gbígbẹ ló gbẹ tó fi fúyẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìtẹ̀lẹ̀ ẹ̀ níbí, gọ́ọ̀mù ti ń yọ léèérún. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ya fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fi sáré, ó máa là lẹ́sẹ̀ yín. Ó tún kúrú fún ẹni tẹ́ ẹ mú ìwé ẹ̀ wá yìí."

"Tèmi wá ńkọ́?"

"Tiyín á dé. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo máa tú ẹrù tuntun. Ẹ padà wá, mo máa gbé ọ̀kan pamọ́ fún yín."

Wọ́n pe ìrun Ásárì. Ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó ní kí n bá òun wo ọjà, ó lọ.

Àwọn èèyàn máa ń di irú nǹkan báyìí ru èṣù. Èṣù kankan ò sí ní ìsọ̀ náà. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, èmi àti bàtà méjì. Mo ń gbọ́ ohùn kóòṣì létí mi: ta ló máa lé ẹ bá? Mo rí ara mi ní ogún ọdún sí i, nínú kíláàsì kan náà, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ A, B, D sójú pátákó. Mo rí Fọláhànmí nídìí tábìlì ní Ìbàdàn.

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ búlúù. Ó tóbi fún mi díẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé òwú ń bẹ tí mo lè kì sí i níwájú.

Nígbà tí Bọ̀dá Mashood dé, mo ti di méjèèjì sínú ọ̀rá.

"Funfun náà ńkọ́? Ṣebí mo ní kò ṣeé fi sáré?"

"Àbúrò mi kan ló fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," mo dá a lóhùn. Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti kọ́ ọ sórí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó má fi sáré o, Tíṣà. Ẹ sọ fún un."

"Mo ti gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé bàtà funfun fún Fọláhànmí. Ó pariwo. Ó dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Kóòṣì gba bàtà méjèèjì, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, ó ń wọ̀n wọ́n.

"Ẹ wá wò ó!" ó pe àwọn eléré yòókù. "Èyí tó fúyẹ́ jù ni Rúùtù mú fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ nìyí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹríba.

Fọláhànmí wọ bàtà náà, ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. "Ó dà bí ẹni pé mi ò wọ nǹkan kan!" ó kígbe. Nígbà tó dúró, ó rọra wí fún mi pé, "Ṣùgbọ́n ó fún mi díẹ̀ níwájú."

"Bàtà tó bá fúyẹ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Á mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀."

Kò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìléròrò ti bo gbogbo orí ọmọ ìka rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò méjèèjì dúdú. Nígbà mìíràn, bí a bá jókòó tán, kì í lè tètè dìde.

"Rúùtù, jẹ́ kí n sọ fún kóòṣì," ó wí lọ́jọ́ kan.

"O fẹ́ kó sọ pé ọ̀lẹ ni ẹ́? Èmi náà ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀."

Ó wojú mi. Ó gbà mí gbọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ kí eré dé, ó tún ní òun máa padà sí kanfáàsì òun. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kó gbé e wá, ọmọ kíláàsì mi kan kò ní bàtà, kó ṣàánú rẹ̀, bàtà tuntun ló yẹ irú ẹni tó fẹ́ ṣojú ìpínlẹ̀. Ó gbé e fún mi. Ó tilẹ̀ ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a gbẹ. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Tákíè, mo jù ú sórí ààtàn, mo sì dúró níbẹ̀ títí ẹnì kan fi da pàǹtí lé e lórí.

Ó ku ọ̀la kí eré wáyé, mo lọ sùn sílé wọn. Ìyá Fọláhànmí jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, wóróbo ló ń tà, obìnrin tó ń gbàdúrà kó tó bu omi mu. Nírọ̀lẹ́, ó gbé òróró jáde, ó ní kí á na ẹsẹ̀ wa.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan.

"Fọláhànmí, kí ló ṣe èékánná ẹ?"

Kí ó tó lanu, mo ti dáhùn. "Màmá, ẹsẹ̀ eléré ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo wa ṣe ń rí."

Ó gbé ẹsẹ̀ tèmi. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ẹsẹ̀ mi ń dán, kò sí àpá kan.

"Tìẹ mọ́," ó wí.

"Tèmi máa ń tètè san ni, Màmá."

Ó wá da òróró sọ́wọ́, ó sì fi pa ẹsẹ̀ mi. "Ọlọ́run tó mọ inú á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì lékè," ó wí. Mo ṣe àmín tó ròkè.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n fun fèrè ní Fìdítì. Àwa mọ́kànlélógún la jọ gbéra. Kò pẹ́ tí Fọláhànmí fi yọ síwájú. Ẹ ò lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun ọmọ náà. Èmi ni ìkejì. Mo ń tẹ̀lé e, mo ń wo ìtẹ̀lẹ̀ bàtà funfun bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń retí. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi.

Kí á tó dé Ìlọrà, mo gbọ́ ọ. Pà. Pà. Pà. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà ọ̀tún ti là láti iwájú, ó ń gbá títì bí ahọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i, ó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja.

Kò wo àwọn èrò. Èmi ló bojú wẹ̀yìn wò.

"Rúùtù! Bàtà mi ti là o!"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò dá a lóhùn. Mo rò pé ó tán nìyẹn.

Kò tán. Bí mo ṣe ń jáde ní Ìlọrà, mo gbọ́ igbe àwọn èèyàn lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà. Ó ti bọ́ bàtà méjèèjì dà nù. Oòrùn ti mú, títì ti ń gbóná, ó sì ń bọ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí a gun òkè kékeré kan, ó bá mi dọ́gba. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé inú mi máa dùn.

Ó yọ sí mi níwájú, bóyá bí ogún ìṣísẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tẹ ìgò tó fọ́. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan péré, igbe kúkúrú. Mo rí i tó jókòó sẹ́bàá títì, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ mú, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Mo tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà.

Mo gba ipò kìíní. Fọláhànmí dé ṣìkẹrin. Ó parí rẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ó fi ẹsẹ̀ tó ya yẹn sáré wọ Ọ̀yọ́, ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí títì títí dé Ọwọ́dé. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Àwọn èèyàn ní ẹ wo ọ̀rẹ́.

Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń wẹ ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n rò pé á jinná. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ náà wú dé kókósẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ara rẹ̀ gbóná, ó ń sọ kántankàntan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹran ẹsẹ̀ ti kú, èérún ìgò sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka mẹ́ta. Kò dúró. Wọ́n padà gé iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kúrò.

Mo ń lọ wò ó ní gbogbo Sátidé. Mo ń gbé oúnjẹ lọ. Mo ń bá a to irun. Mo ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òun ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Má sunkún mọ́, Rúùtù. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Bàtà ló dà mí. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ìwọ lo gbà á, tí kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ẹ ò rí nǹkan? Ó dùn mọ́ mi nínú pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo sùn fọnfọn.

Kóòṣì ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Ẹnì kan ní Ìlọrà ti ṣa bàtà funfun náà tọ́jú, ó sì gbé e fún un. Inú bí kóòṣì. Ó gbé bàtà náà sínú Pijó rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sí Ọjà Igbó láti lọ bá ẹni tó tà á jà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan ní oṣù kìíní, mo ń bó ọsàn fún Fọláhànmí, ìyá rẹ̀ jókòó sí apá kejì ibùsùn. Kóòṣì wọlé. Bọ̀dá Mashood tẹ̀ lé e, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá," Bọ̀dá Mashood wí. Ó yíjú sí Fọláhànmí. "Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á wò yín sàn. Mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mi ò ta bàtà òkú fún yín láìsọ." Ó wá wò mí. "Tíṣà, ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?"

"Ẹ sọ kí ni?" Ohùn mi ti yàtọ̀. "Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi."

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dẹ́kun àtimáa fi "ẹ̀yin" pè mí.

"Mo ní gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti gbẹ. Mo ní fọ́tò ni wọ́n lè fi yà. Mo bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, o ní àbúrò ẹ kan ló fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó má fi sáré. O ní o ti gbọ́."

"Rúùtù?" kóòṣì wí.

"Bàtà méjì péré ló wà níbẹ̀, sà!" Mo sọ ọ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ. "Kò sí òmíràn!"

Àwọn aláìsàn tó wà ní àwọn ibùsùn yòókù ti yíjú sí wa.

"Mo ní kó o padà wá lọ́jọ́ ọjà," Bọ̀dá Mashood wí.

Fọláhànmí ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti ka lẹ́tà tí omi ti bà jẹ́.

"Bọ̀dá," ó wí, "bàtà búlúù tó wọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Bọ̀dá Mashood wolẹ̀. "Ẹsẹ̀ tiyín ni. Ìwé tiyín ni mo gbé e lé. Ó bá yín mu géẹ́."

Ìyá rẹ̀ dìde. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí. Ìbá ṣe bẹ́ẹ̀! Ó gbé abọ́ oúnjẹ tí mo gbé wá, ó rìn jáde pẹ̀lú rẹ̀, a sì gbọ́ nígbà tó dà á sínú gọ́tà. Ó padà wọlé, ó kó ọsàn tí mo ti bó, ó tún lọ dà á nù. Ó wá jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Rúùtù, súnmọ́ bí," Fọláhànmí wí. "Ká aṣọ yìí kúrò."

Mo ká a.

"Fọwọ́ kàn án."

"Fọláhànmí, jọ̀ọ́..."

"Mo ní fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó kúrú.

"Orúkọ ẹ ni mo máa kọ́kọ́ yọ lọ́la," kóòṣì wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "O ò ní sáré mọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí."

"Rárá, sà," Fọláhànmí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ, sà. Ẹsẹ̀ mi ló fi rà á, kó gbé e lọ. Ẹ má sọ fún àwọn ará Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá lé e, tó jókòó sílé, tó sunkún, á ní òun ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ọkàn ẹ̀ á balẹ̀." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀."

Kóòṣì kọ̀ títí, ṣùgbọ́n Fọláhànmí fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Láti ọjọ́ náà, kóòṣì kò bá mi sọ ju "sáré" àti "dúró" lọ.

Mo lọ síbi ìdíje. Mo gba ipò kẹta. Wọ́n fi mẹ́dàlì sí mi lọ́rùn, ilé iṣẹ́ náà gbà mí, wọ́n fún mi ní tábìlì, bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Àwọn ọ̀gá mi ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Gbogbo ohun tí mo torí rẹ̀ ṣe é ni mo rí gbà, ọ̀kan ò yẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí mo bá ń so okùn bàtà tí ọwọ́ mi kì í rántí ẹsẹ̀ gbígbóná tó kúrú yẹn.

Fọláhànmí kò lè fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì mọ́. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ló ń lò. Iṣẹ́ tó ń parí lọ́jọ́ kan tẹ́lẹ̀, ó ń gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdána, kò wá mọ́.

Mo kọ lẹ́tà sí i ní ìgbà mọ́kànlá. Kò fèsì ọ̀kan. Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá yìí, mo gba Ọ̀yọ́ lọ fúnra mi. Mo bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, òun nìkan, ó ń rán etí aṣọ kan. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Fọláhànmí, mo wá tọrọ ìdáríjì."

Kò dá máṣíìnì dúró. "O pẹ́ lọ́nà," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Tó o bá dá mi lóhùn, mo máa mọ ohun tí mo máa ṣe."

"Bi mí. Ohunkóhun."

"Ká ní Bọ̀dá Mashood kú kó tó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Ká ní kò sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní olónìí. Ṣé ò bá ti sọ fún mi?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò tó èémí kan. Máṣíìnì ń lọ. Ó rán etí aṣọ náà títí dé ìgun, ó yí i, ó rán ẹ̀gbẹ́ kejì, ó já òwú. Ẹnu mi ṣì wà ní lílà.

"Dìde," ó wí. "Oníbàárà mi ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó bá ẹ níbí."

Mo dìde, mo lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n kìlọ̀ fún yín nípa ìlara àti ọ̀rẹ́ dídà. Ẹ ti mọ ìyẹn kí ẹ tó ra ìwé yìí. Ohun tí mo jókòó kọ èyí fún ni ìdáhùn tí mi ò lè fún un lọ́jọ́ náà, bóyá á bọ́ sí i lọ́wọ́ níbi tó bá ti ń kà á.

Rárá, Fọláhànmí. N kì bá tí sọ.